Ìdí tí tòmátì ẹ̀yìnkùlé fi ń yọ ewé tí kò sì so

Arábìnrin kan ní Adó-Èkìtì béèrè ohun tí ó fà á tí tòmátì ẹ̀yìnkùlé wọn fi ga dé àyà ènìyàn, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, síbẹ̀ tí òdòdó ìwọ̀nba tí ó yọ ń já bọ́ láìdi èso. Wọ́n ní ìgbẹ́ adìyẹ tí àwọn kó tààrà láti ilé adìyẹ ni àwọn dà sí i, àti pé nígbà tí kò so, àwọn tún wọ́n ajílẹ̀ yúríà sí ìdí rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ilẹ̀ yín kò ṣá, irúgbìn yín kò sì burú. Oúnjẹ ewé ni ẹ ń fún tòmátì ní àsìkò tí ó yẹ kí ó máa rí oúnjẹ èso.

Náítírójìn ni ó ń mú igi ga tí ó sì ń mú ewé pọ̀. Nínú àpò yúríà 50 kílò, kílò 23 ni náítírójìn, kò sì sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí pòtásíọ̀mù, tí í ṣe oúnjẹ òdòdó àti èso, kankan níbẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ náà sì ní náítírójìn ju ìgbẹ́ màlúù lọ dáadáa. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ sí ìdí irúgbìn kan ń sọ fún un pé kí ó máa yọ ewé lọ ni. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò á gbádùn irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ewé ni a ń wá lára wọn, ṣùgbọ́n tòmátì, ata àti ìgbá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ adìyẹ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sọ, nítorí òun ni ó wà nítòsí wa jù, òun náà ni a sì ń ṣì lò jù. Èyí tí ó bá ṣì tutù máa ń gbóná nínú òkìtì rẹ̀ débi pé bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ ní àárọ̀, ẹ kò ní lè fi í síbẹ̀ pẹ́, òórùn rẹ̀ á sì máa ta yín nímú títí omi á fi jáde lójú. Gbòǹgbò kéékèèké kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń kó o jọ sábẹ́ òrùlé tàbí sábẹ́ tápólì, kí òjò má baà fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ, mo máa ń wọ́n omi díẹ̀ sí i, mo sì máa ń fi ṣọ́bìrì yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì, ó kéré tán. Ìgbà tí ó bá dúdú, tí ó ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ni mo tó gbé e wọ inú ọgbà. Ti ìlera tún wà níbẹ̀, nítorí pé a máa ń jẹ tòmátì ní tútù, ìgbẹ́ tútù sì lè gbé kòkòrò àìsàn. Bí eérún pákó bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí pákó bá ń jẹrà nínú ilẹ̀, ó máa ń gba náítírójìn mọ́ irúgbìn lọ́wọ́, ewé á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, lẹ́bàá àpáta, oníyanrìn ni ilẹ̀ ọgbà mi, òjò kan tí ó bá le lè gbé ajílẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fún tòmátì ní gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ìgbẹ́ tí ó ti jinná ni mo máa ń pò mọ́ ilẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ́ ọ. Bí ó bá ti fìdí múlẹ̀, mo máa ń fi NPK 15-15-15, ìyẹn ajílẹ̀ tí ó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù pọ̀, ọmọrí ìgò kan yí i ká, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí igi rẹ̀, mo sì máa ń fi erùpẹ̀ bò ó. Bí òdòdó àkọ́kọ́ bá yọ, mo tún fún un ní ìwọ̀n kan náà. Kò gbọdọ̀ kan igi tàbí ewé, torí yóò jó o.

Eérú ààrò dára, ó ní pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìdí kan fún àsìkò kan ti tó. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ tútù rárá, nítorí náítírójìn yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ìdí èso bá sì ń dúdú tí ó ń rà, ọ̀rọ̀ omi tí kò dọ́gba ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ín déédéé.

Ní ti èyí tí ó wà nílẹ̀ yìí, ẹ má ṣe fà á tu. Ẹ dá yúríà àti ìgbẹ́ dúró pátápátá, ẹ rẹ́ àwọn ẹ̀ka tí ń hù láàárín apá àti igi, kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, bí yúríà àti ìgbẹ́ tí ẹ ti fi sí i bá sì ti wọ ilẹ̀ tán, kí ẹ fún un ní eérú bí mo ṣe wí. Bí òdòdó tuntun bá ti ń yọ, ẹ máa fi ìka ta igi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àárọ̀, kí àtíkè inú òdòdó lè bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ooru ni, tí òru pàápàá gbóná, òdòdó kan á ṣì já, ìyẹn kì í ṣe ti ajílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ tún torí rẹ̀ fún un ní oúnjẹ mìíràn. Ẹ dúró títí èso àkọ́kọ́ yóò fi tó orí àtàǹpàkò, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fún un ní NPK ìlàjì ọmọrí ìgò.