Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ máa kọ̀wé gbowó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kàbà. Ìwé ìròyìn kan ní kí n kọ àpilẹ̀kọ nípa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Kí ni kí n ṣọ́ra fún? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Ìyá Ìbejì. Ẹ kọ́kọ́ bi olóòtú: ọ̀rọ̀ mélòó, èló, ìgbà wo lowó máa wọlé? Kó kọ ọ́ ránṣẹ́ o, ẹ má gba tẹnu.

Òṣùwọ̀n ló ń da irú iṣẹ́ yìí rú jù. Fún omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru máa mu, “Bu iyọ̀ díẹ̀ sí i” kò tó. Omi mímọ́ lítà 1 (omi ọ̀rá 50cl méjì), ṣíbí tíì ṣúgà 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ, ṣúgà àpọ̀jù á sì mú ìgbẹ́ náà pọ̀ sí i. Ẹ fi kún un pé bójú ọmọ bá jìn wọnú, tàbí tí kò lè mumi mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìtàn aláìsàn yín ńkọ́? Ẹ má kọ ọ́ sí i. “Ọmọ tíṣà kan ní Ìsánlú” ti tó kí gbogbo àdúgbò mọ ẹni náà.