Ṣọkọ mi yọ òdòdó tán, ló bá kú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kúuṣẹ́ o, Mọ̀mí. Mo gbin ṣọkọ síwájú ilé torí òdòdó ẹ̀, mi ò já ewé ẹ̀ jẹ rárá. Ó yọ lóòótọ́, ó funfun, orí ẹ̀ pọ́n díẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bèèrè pé fláwà òyìnbó wo nìyí. Àfi bó ṣe gbẹ dànù lóṣù kẹsàn-án. Mo ra hóró òmíì lọ́jà, mo gbìn ín, kò hù. Ìyá ọkọ mi ní mo gbin ẹ̀fọ́ mi ò jẹ ẹ́, kí ni mo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ṣé ilẹ̀ yẹn ló bàjẹ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Ìpẹru-Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ ò ṣe nǹkankan o. Ṣọkọ kì í dọdún méjì, tó bá ti yọ òdòdó tó so hóró, ó parí nìyẹn, bí àgbàdo náà ni. Kì í sì í ṣe ti òyìnbó kankan, ó ń lalẹ̀ hù fúnra ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà níbí.

Ti èyí tí ò hù yẹn, mo rò pé ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí ẹní gbin ẹ̀wà ni. Hóró ṣọkọ kéré gan-an, ó dúdú, ó ń dán, tó bá ti wọlẹ̀ jìn, kò ní jáde mọ́. Yanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ pò ó mọ́, kẹ́ ẹ fọ́n ọn, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ̀ gbá a díẹ̀díẹ̀, omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló sì fẹ́, ẹ má da bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Bí ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èèrà ni. Èèrà kó tèmi lọ tán lẹ́ẹ̀kan, èmi tí mo ti ń bú ìyá tó tà á fún mi nínú ọkàn mi! (Mo padà lọ ra ata lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò sọ fún un ṣá.)

Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má dúró kí orí òdòdó gbẹ tán. Tó bá ti ń pàwọ̀ dà, ẹ gé e, ẹ kó o sínú àpò ìrọ̀rí àtijọ́, ẹ gbé e kọ́, tó bá gbẹ ẹ gbọ̀n ọ́n, hóró á dà sísàlẹ̀. Àwọn tó ti já sílẹ̀ náà á hù tójò bá dé, ẹ ṣáà ní kọ́mọ tó ń bá yín roko má tètè fi ọkọ́ kàn án.

Ẹ wá gbọ́, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní ṣọkọ yòkòtò, ẹ gbìn ín, ẹ ò sè é fọ́mọ wọn, ìyá ọkọ yín ò ní sọ̀rọ̀ kẹ̀? Tó bá ti ga díẹ̀, ẹ já ṣóńṣó orí ẹ̀, á ya ẹ̀ka, òdòdó á tún pọ̀ sí i. Èyí tẹ́ ẹ já yẹn, ẹ fi sínú ẹ̀gúsí, kẹ́ ẹ bu díẹ̀ fún wọn.