Fún akẹ́kọ̀ọ́ interior design tó ní òun ò mọ àwòrán yà

Àbúrò mi, o ní wọ́n ti gbà ọ́ láti kọ́ interior design, ìyẹn iṣẹ́ ṣíṣètò inú ilé kó lẹ́wà, kó sì rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n o ò mọ àwòrán yà. O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń ya ojú èèyàn àti òdòdó tí gbogbo kíláàsì ń pàtẹ́wọ́ fún, ó sì ń ṣe ọ́ bíi kí o kúkú pa pẹ́ńsù tì, kí o gbájú mọ́ kọ̀ǹpútà. Jọ̀ọ́, má pa á tì. Èmi náà ò mọ nǹkan kan yà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yìí náà ni mo sì fi ń jẹun lónìí.

Ojú èèyàn kọ́ la ń yà nínú iṣẹ́ wa, yàrá la ń yà. Yàrá sì rọrùn ju ojú lọ, torí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ní ìwọ̀n. Ibi tí èèyàn ń jókòó sí lórí àga máa ń ga tó sẹ̀ntímítà 45 láti ilẹ̀, tábìlì ìjẹun tó 75, tábìlì ilé ìdáná tó 90, ilẹ̀kùn sì máa ń tó mítà 2 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹni tí ìwọ̀n wọ̀nyí bá wà lórí rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń gbọ̀n, yàrá tó bá yà á jọ yàrá tí èèyàn lè gbé. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ìlà rẹ̀ lè dán gbinrin, síbẹ̀ àga rẹ̀ á rí bí àga ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, téèpù ìwọ̀n ni kí o kọ́kọ́ rà, kó tó kan pẹ́ńsù olówó ńlá. Ibikíbi tí o bá jókòó sí, kọ́kọ́ fojú díwọ̀n nǹkan, kọ iye tí o rò sílẹ̀, kí o tó na téèpù sí i. Yóò máa yà ọ́ lẹ́nu bí o ṣe ń ṣì í níbẹ̀rẹ̀. Má dáwọ́ dúró. Ojú á là. Lẹ́yìn náà, ya yàrá yẹn bí ẹni tó ń wò ó láti òkè, ní 1:50, ìyẹn ni pé mítà kan di sẹ̀ntímítà 2 lórí bébà.

Ibi tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù ni perspective, ìyẹn yíya yàrá bí ojú ṣe ń rí i, tí ohun tó jìnnà ń kéré ju èyí tó sún mọ́ni lọ. Bí mo ṣe máa ń fi kọ́ni nìyí, bá mi yà á bí o ṣe ń kà á. Ká ní ògiri tó kọjú sí ọ ní òpin yàrá fẹ̀ tó mítà 4, ó sì ga tó 2.7. Ní 1:50, ya á ní sẹ̀ntímítà 8 sí 5.4 sí àárín bébà ńlá kan. Fa ìlà ìbú kan gba ara rẹ̀ kọjá ní sẹ̀ntímítà 3 láti ilẹ̀, jẹ́ kó gùn kọjá ògiri náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìlà ojú rẹ nìyẹn, mítà 1.5 sókè. Fi àmì kan sórí ìlà náà, ní àárín ògiri. Láti àmì yìí, fa ìlà gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ògiri jáde, wàá rí ilẹ̀, àjà àti ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wá pín ẹsẹ̀ ògiri sí mítà kọ̀ọ̀kan, kí o fa ìlà láti ara àmì náà gba ibẹ̀ wá síwájú.

Bí nǹkan ṣe jìnnà sí ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú bù. Má fojú bù ú. Fi àmì kejì sórí ìlà ojú, sẹ̀ntímítà 10 sí apá òsì àmì àkọ́kọ́. Ó túmọ̀ sí pé mítà 5 lo dúró sí ògiri. Fa ìlà láti ibẹ̀ gba igun ìsàlẹ̀ ògiri lápá òsì, kó máa bọ̀ lórí ilẹ̀. Níbi tó bá ti gé ìlà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fa ìlà ìbú. Ilẹ̀ rẹ ti di igun mẹ́rin ọgbọọgba, mítà kan sí mítà kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé nítorí ìlà ojú wà ní mítà 1.5, tábìlì tó ga tó sẹ̀ntímítà 75 á dé ìdajì láti ilẹ̀ dé ìlà náà níbikíbi tí o bá gbé e sí, ì báà jìnnà, ì báà sún mọ́ ọ.

Filippo Brunelleschi tó fi ọgbọ́n yìí hàn ní ìlú Florence ní Ítálì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1400, iṣẹ́ wúrà ló kọ́kọ́ kọ́, kó tó di akọ́lé. Ìṣirò ni, kì í ṣe ẹ̀bùn àbínibí.

Ní ti ìlà fúnra rẹ̀, èjìká ni kí o fi fà á, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Fi àmì síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí, kí o tẹjú mọ́ ìparí, kí o fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà tó yẹ̀ díẹ̀ sàn ju èyí tí a fọwọ́ pa lọ pa bọ̀. Lo pẹ́ńsù 2H, èyí tó le tí ìlà rẹ̀ kì í dúdú púpọ̀, fún ìlà ìpìlẹ̀, kí o lo 2B, èyí tó rọ̀ tó sì dúdú, fún èyí tó máa dúró. Tábìlì róbótó? Kọ́kọ́ ya igun mẹ́rin ọgbọọgba tó máa gbà á, kí o tó ya róbótó náà sínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà dára, ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá rí àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń dán máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí, kò ní fẹ́ sọ tinú rẹ̀. Àwòrán ọwọ́ kì í dẹ́rù bà wọ́n. Obìnrin kan gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi ìlà pa ṣẹ́ẹ̀fù tí mo yà rẹ́, ó ya tirẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Abẹ́ fèrèsé náà la gbé e sí. Lẹ́yìn tí a ti fẹnu kò ni mo tó lọ tan kọ̀ǹpútà.