Gàrí, láfún àti èlùbọ́ iṣu: níbo ni wọ́n ti jọra, níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?

Lẹ́tà tó wọlé sí abala ìbéèrè yìí lórí oúnjẹ òkèlè pọ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Mo ṣa mẹ́ta nínú wọn tó ń yí orí ọ̀rọ̀ kan náà po, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn oúnjẹ tí à ń rà ní kóńgò kóńgò lójoojúmọ́. Ìdí àgbá tí wọ́n ti ń yan gàrí ni ìyá àgbà mi ti tọ́ mi dàgbà, ní abúlé kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Abẹ́òkúta ni mo sì fẹ́ ọkọ sí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ro àmàlà fún ìyá ọkọ mi, èlùbọ́ iṣu ni mo fi rò ó. Wọ́n jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé láfún ni àwọn mọ̀ sí àmàlà. Láti ìgbà náà ni èmi àti ọkọ mi ti ń jiyàn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì, èwo ló sì dára jù fún ara?
Ìyàwó Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Èsì: Ìyàwó wa, ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín ni ẹ jàre. Ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé Ẹ̀gbá tó yí i ká, bí ènìyàn bá dárúkọ àmàlà láìfi ohunkóhun kún un, láfún ni ọkàn ẹni tó gbọ́ ọ yóò lọ sí. Ní Ìlọrin, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òkè-Ògùn, iṣu ni. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé a ń sá àwọn méjèèjì sóòrùn kí wọ́n tó dé ilé ìlọta, inú omi híhó ni a sì ti ń fi ọmọrogùn rò wọ́n. Ṣùgbọ́n láti oko ni ọ̀nà wọn ti pín.

Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe láfún. A óò bó o, a óò rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí ọwọ́ yóò lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a óò fún omi rẹ̀ dànù, a óò sì sá a sórí àpáta tàbí ẹní títí yóò fi gbẹ dénú. Ti iṣu kò gba ọjọ́ púpọ̀ nínú omi: a óò bó o, a óò gé e, a óò rì í sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, yóò sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó kó o sóòrùn. Rírẹ tí a rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ kì í ṣe fún adùn nìkan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa sọ nínú èsì tó kàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń béèrè ìdí tí ọ̀kan fi funfun tí èkejì sì dúdú. Bí ẹ bá gé iṣu tútù, tí ẹ sì gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ óò rí i pé ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ohun tó wà nínú iṣu tó ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kì í bá oòrùn lọ, òun náà ló sì ń jẹ́ kí èlùbọ́ tí kò dúdú tó bẹ́ẹ̀ nínú àpò di àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tó bá kan omi híhó. Ẹ̀gẹ́ kò ní i tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí láfún fi ń funfun títí dé inú àwo.

Lẹ́nu, àmàlà iṣu rọ̀, ó fúyẹ́, ó sì ń yọ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Láfún fà jù ú lọ, ó ń pẹ́ nínú, ó sì ní òórùn kíkan díẹ̀ tí rírẹ fún un. Àbùkù ti iṣu ni pé kì í pẹ́ ṣomi bí a bá fi í sílẹ̀ nínú àwo, nítorí náà èmi kì í rò ó sílẹ̀ de àlejò tí n kò mọ ìgbà tí yóò dé.

Ní ti owó, iṣu wọ́n ju ẹ̀gẹ́ lọ, èlùbọ́ rẹ̀ sì máa ń wọ́n ju láfún lọ. Ibẹ̀ ni àìṣòótọ́ ti ń wọlé, torí pé àwọn kan ń da láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu kí ó lè pọ̀. Bí èyí tí ẹ rà bá rò tán tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú tó bí ti tẹ́lẹ̀, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọrogùn, tí ó sì ń fà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pò ó. Láfún kì í pa ni lára, ṣùgbọ́n ẹni tó san owó iṣu ní ẹ̀tọ́ sí iṣu. Èyí tó burú jù lójú mi ni ti àwọn tó ń bu oògùn apakòkòrò sí iṣu gbígbẹ kí kòkòrò má bàa lu ú. Kòkòrò ṣeé kù dànù. Oògùn náà kò ṣeé kù. Ẹ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé ẹ óò rìn jìnnà díẹ̀.

Èwo ló wá dára jù fún ara? Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àmàlà ni ọkà tí wọ́n ń wí, mo sì gbà pé ti iṣu ni, nítorí pé iṣu ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́tipẹ́, ẹ̀gẹ́ sì jẹ́ àlejò tí àwọn ará Pọtogí gbé wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà sí etíkun Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Iṣu fi díẹ̀ ju ẹ̀gẹ́ lọ nínú èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò tó nǹkan, agbára lásán ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Ọbẹ̀ ló ń mú èyí tó kù wá. Ẹni tó fi gbẹ̀gìrì àti ẹja jẹ láfún ṣe ara rẹ̀ lóore ju ẹni tó fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ àmàlà iṣu lọ. Nítorí náà, ẹ ro láfún fún ìyá ọkọ yín, kí ẹ sì fi gbẹ̀gìrì ti Ìlọrin bù ú fún wọn.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, gàrí sì ni alábàárò wa nílé tí mò ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi tó wá láti Ẹdó ní gàrí pupa ló lóore, ó ní gàrí Ìjẹ̀bú kíkan yìí máa ń ba ojú jẹ́. Èmi ní ti Ìjẹ̀bú ló dùn mu. Ta ló jàre?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Èsì: Ẹ̀gẹ́ kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Wọ́n bó o, wọ́n rin ín, wọ́n rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n fi òkúta tàbí jáàkì tẹ omi rẹ̀ jáde, wọ́n kù ú, wọ́n sì yan án. Iye ọjọ́ tí ó lò nínú àpò àti epo pupa ni ó yà wọ́n. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi máa ń lo bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó dé orí iná, ìdí nìyẹn tí ó fi kan, tí ó sì gbẹ wínníwínní. Gàrí pupa kì í sábà pẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi epo sí i, ìyẹn ló fi rọ̀ tí ó sì dùn ún fi tẹ ẹ̀bà. Epo yẹn ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, tí ojú nílò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná àgbá ń dín in kù; ní ibi tí ọ̀rọ̀ oore dé yìí, ọ̀rẹ́ rẹ jàre díẹ̀. Àmọ́ epo náà ló ń jẹ́ kí gàrí pupa tètè yí òórùn padà bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, nígbà tí gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Má sì ṣe rò pé gbogbo gàrí tó pọ́n ló ní epo: láti ọdún 2011 ni wọ́n ti fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní irú ẹ̀gẹ́ kan tí inú rẹ̀ pọ́n fúnra rẹ̀, tí ó sì ní èròjà fítámì A yẹn.

Ti ojú bíbàjẹ́ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í ṣe kíkan. Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun kan nínú tó ń di májèlé sáyánáìdì nígbà tí a bá fọ́ ọ tàbí rin ín. Rírin ni ó ń tú májèlé náà sílẹ̀. Àwọn ọjọ́ inú àpò, omi tí a fún dànù àti iná àgbá ni wọ́n sì ń lé e lọ. Ní ọdún 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ìrìn má dúró, kí ojú àti etí sì dínkù. Ó so ó pọ̀ mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tó tó. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e ti jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn púpọ̀ ni ti Kóńgò àti Mòsáḿbíìkì, níbi tí ogun tàbí ọ̀dá ti mú kí àwọn ènìyàn gé ọjọ́ rírẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò kúrú, tí àìsàn tí wọ́n ń pè ní konzo sì rọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá, tí ẹsẹ̀ náà kò sì padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, kíkan tí ọ̀rẹ́ rẹ ń bẹ̀rù ni àmì pé ẹ̀gẹ́ náà lo ọjọ́ rẹ̀ pé. Èyí tó yẹ kó bẹ̀rù ni gàrí tí wọ́n rin láàárọ̀ tí wọ́n sì yan nírọ̀lẹ́ nítorí ọjà ọ̀la. Ìyá àgbà mi kì í gbà fún oníbàárà kankan kí ó kán òun lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kàkà kí ó yan gàrí tí kò tíì tó ọjọ́, á jẹ́ kí ọlọ́jà náà máa lọ.

Àbùkù kan tí gàrí mímu ní, tí láfún àti èlùbọ́ kò ní, ni pé kò tún rí iná mọ́ lẹ́yìn tí a ti rà á. Omi híhó yóò pa ohun púpọ̀ tó bá fara kan èlùbọ́. Omi tútù kò lè pa ohunkóhun nínú gàrí. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno pè láti ọdún 1969, ń ti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku dé inú oúnjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Má ra gàrí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìbò ó, kí o sì fi ọ̀rá dídì àti ike olómòrí tọ́jú èyí tó wà ní yàrá rẹ. Bí o bá fẹ́ mu ún, ra ti Ìjẹ̀bú. Bí o bá fẹ́ tẹ ẹ̀bà, ti ọ̀rẹ́ rẹ dára. Ẹ̀pà tàbí ẹja díndín tí o fi mu ún ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù. Àtọ̀gbẹ ń bá mi jà, ẹnì kan sì ní kí n máa jẹ èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe wù mí nítorí pé kò ní ṣúgà. Òótọ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe lè tọ́jú èlùbọ́ iṣu tí mo rà púpọ̀, tí kòkòrò ti ń yọ nínú rẹ̀?
Bàbá Àgbà, Peckham

Èsì: Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí kò tíì pọ́n kò dùn bí èyí tó ti pọ́n, apá kan nínú rẹ̀ kì í sì í tètè dà nínú ikùn, ìyẹn ló fún un ní orúkọ rere lọ́dọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ni òun náà, gẹ́gẹ́ bí gàrí, láfún àti èlùbọ́ iṣu, nítorí náà kò sí èyí tí ẹ lè jẹ bó ṣe wù yín nínú wọn. Ohun tó yí padà púpọ̀ ni bí òkèlè ṣe tóbi tó. Òkèlè tó mọ bí ìkúùkù ọwọ́ yín, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó kún ìdajì àwo àti ẹja, yàtọ̀ pátápátá sí òkìtì àmàlà nínú ọbẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà wò ó ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ kọ iye tó sọ sílẹ̀ fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá dókítà yín, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn tó ń mú ṣúgà walẹ̀.

Ní ti kòkòrò, èyí tó ti lulẹ̀ di eruku tàbí tó ti bu kò ṣeé jẹ mọ́. Ẹ dà á nù. Èyí tó kù tí ó ṣì dára, ẹ kù ú, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ sì gbé e sínú fìrísà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin kòkòrò tí ojú kò rí lè kú. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní dídì títí òtútù ara rẹ̀ yóò fi lọ tán, nítorí pé bí ẹ bá tú u nígbà tó ṣì tutù, ìrì afẹ́fẹ́ yóò bọ́ sára iyẹ̀fun náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu láàárín ọjọ́ díẹ̀.