Ṣé iṣẹ́ wolé-wolé ni ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọbìnrin mi wà ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka kẹ́mísírì ní yunifásítì. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, ó ní kẹ́mísírì àyíká ni òun fẹ́ gbájú mọ́, àti pé omi odò Ọ̀ṣun ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá òun. Bàbá rẹ̀ ní wolé-wolé tó gboyè ló fẹ́ dà. Èmi kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí à ń gbé Òṣogbo la rí i pé omi náà ti pọ́n látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá òkè. Kí ló kù tí yunifásítì fẹ́ kọ́ ọmọ nípa omi tí ojú lásán ti rí i pé ó dọ̀tí? Ó tún ń ṣàròyé pé ìṣirò inú rẹ̀ pọ̀. — Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màmá. Ẹ bá wa kí Bàbá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ohun tí ojú lè rí ni wolé-wolé ń wá: kòtò tó dí, ìkòkò omi tí tanwíji wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọmọ yín fẹ́ máa wá kò ṣeé fojú rí.

Pípọ́n tí omi Ọ̀ṣun pọ́n, erùpẹ̀ ló fà á, nítorí pé àwọn awakùsà ń fọ ilẹ̀, amọ̀ sì ń bá omi ṣàn wá. Mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, tí àwọn awakùsà kéékèèké fi ń kó ẹ̀rún góòlù jọ, kì í pa omi láró, òjé náà kì í sì í pa á. Omi tó mọ́ gaara lè gbé wọn, èyí tó pọ́n bí epo sì lè máà ní wọn rárá. Lọ́dún 2010, ó kéré tán 400 ọmọdé ló kú ní ìpínlẹ̀ Zamfara, nítorí pé òjé wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé, eruku rẹ̀ sì ń bà síbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Kò sí ìyá tó lè wo ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀ kó mọ̀.

Mẹ́kúrì kì í sì í dúró bí wọ́n ṣe dà á sódò. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń sọ ọ́ di irú mìíràn tó ń wọ ara ẹja, tí ẹja ńlá tó ń jẹ kéékèèké sì ń kó jọ sára títí yóò fi pọ̀ lára rẹ̀ ju inú omi lọ fíìfíì. Irú mẹ́kúrì yẹn gan-an ló wà nínú ẹja tí àwọn ará Minamata ní Japan jẹ, tí àìsàn wọn hàn síta ní 1956. Títọpasẹ̀ irú ìyípadà báyìí ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti mú un ní òkúnkúndùn, ẹ bi í léèrè ìgò tí yóò fi bu omi. Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo ṣan lẹ́ẹ̀mẹta ni mo gbé lọ. Olùkọ́ mi kò jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú omi, ó dà á nù lójú mi. Omi tí a fẹ́ wá òjé nínú rẹ̀, ìgò oníke tí a ti fi ásíìdì fọ̀ la ń bù ú sí, a ó sì kán ásíìdì náítíríìkì sí i kíákíá, torí bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òjé yóò lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀rọ yóò sì sọ pé kò tó bó ṣe wà lódò. Ti mẹ́kúrì, ìgò onígíláàsì ni, nítorí pé ó lè gba ara ike kọjá. Ó tún gbọ́dọ̀ pinnu bóyá yóò fi asẹ́ olóhò 0.45 máíkírómítà (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan) sẹ́ amọ̀ kúrò, tàbí yóò yẹ omi náà wò tòun tamọ̀. Nínú odò tó pọ́n bí Ọ̀ṣun, èsì méjèèjì lè jìnnà síra gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì sọ èyí tó ṣe kò tíì sọ nǹkan kan.

Ní ti ìṣirò, òótọ́ ló sọ, kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí òjé inú omi mímu má ju máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan; máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan. Ẹ fojú inú wo táńkà omi mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà: gíráàmù òjé kan ṣoṣo, tí a bá pò ó mọ́ gbogbo omi yẹn, ti kún òṣùwọ̀n náà. Ẹni tó bá ṣi àmì ojúàmì (pọ́ìntì) inú nọ́ńbà fi síwájú tàbí sẹ́yìn yóò dẹ́rù ba ìlú lásán, tàbí kó ní kí wọ́n máa mu májèlé.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, abẹ́ kẹ́mísírì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, oyè kejì ni èèyàn sì ń fi sọ ọ́ di iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà kò ní láti pààrọ̀ ẹ̀ka. Kí ó tó fọwọ́ sí odò Ọ̀ṣun, kí ó bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀rọ tó ń ka òjé àti mẹ́kúrì ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i, torí mo mọ iṣẹ́ àṣekágbá tó kú síbẹ̀. Bí ó bá sì bèèrè owó ìgò onígíláàsì lọ́wọ́ yín, Màmá, ẹ má pè é ní àṣejù.