Mọ́tò Àtijọ́ Ìlú Cuba Àti 504 Bàbá Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ànti. Mo rí fọ́tò tẹ́ ẹ yà bọ̀ láti Cuba lóṣù tó kọjá, àwọn mọ́tò ńlá ńlá aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n tò létí òkun ní Havana, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti dàgbà ju bàbá ẹlòmíì lọ tí wọ́n ṣì ń kérò. Àwa náà ní Peugeot 504 bàbá wa nílé ní Ìgbógbó níbí, ní Ìkòròdú, ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti sítáátì ẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká pe àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́mù irin kí wọ́n wá gé e lọ, èmi ò fẹ́. Báwo làwọn yẹn ṣe ń ṣe tiwọn? Ṣé irin ayé àtijọ́ ló dáa jù ni?
— Àbíkẹ́yìn, Ìgbógbó

ÌDÁHÙN: Rárá o, kì í ṣe irin. Irin tiwọn ń dípẹtà bíi tiwa náà ni, kódà tiwọn le jù torí títì Malecón tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò yẹn, nǹkan bíi kìlómítà 8 ló gùn, ẹ̀gbẹ́ òkun gan-an ló gbà, tí atẹ́gùn bá ti ń jà omi oníyọ̀ á fò kọjá ògiri á já sórí mọ́tò tó ń lọ.

Ohun tó fà á ni pé wọn ò rí òmíì rà. Fidel Castro gbàjọba Cuba lọ́dún 1959, àárín àwọn àti Amẹ́ríkà bà jẹ́, nígbà tó fi máa di 1962 Amẹ́ríkà ti fòfin de káràkátà pẹ̀lú wọn, mọ́tò Amẹ́ríkà ò wọlé mọ́, pátì ẹ̀ ò wọlé mọ́. Chevrolet, Ford, Buick, Plymouth tó ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìjọba Cuba náà tún sọ pé mọ́tò tó ti wà ṣáájú 1959 nìkan lèèyàn lè tà fún ẹlòmíì bó ṣe wù ú, 2011 ni wọ́n tó tú òfin yẹn ká. Nígbà tó wá di 2014 tí wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ tuntun kó wá rà á lọ́wọ́ ìjọba, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ Peugeot 508 jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 262,000, nílùú tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ń rìn láyìíká 20 dọ́là nígbà yẹn! Ta ló wá máa gbé mọ́tò bàbá ẹ̀ fún oníkọ̀ndẹ́mù?

Ọwọ́ mẹ́káníìkì ló ń gbé mọ́tò wọ̀nyẹn rìn. Onímọ́tò kan ṣí bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì fún mi, ara Chevrolet ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì dísù Hyundai ló wà níbẹ̀, bíréèkì ẹ̀ wá látara Lada àwọn ará Rọ́ṣíà, pátì tí wọn ò sì rí rárá, wọ́n á gbé irin lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé e, á gé òmíì fún wọn. Mo kàn dúró ni mò ń wò ó, mò ń rántí àwọn panẹ́bítà àti rìwáyà tiwa níbí tá a máa ń fojú kéré.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kẹ́ ẹ. Almendrón ni wọ́n ń pe àwọn tó ń kérò, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń ná bíi kọ́rópe, tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ẹ ò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀kùn o, dírẹ́bà á pariwo mọ́ yín, torí tí ilẹ̀kùn yẹn bá já níbo ló ti fẹ́ rí òmíì? Dírẹ́bà tó gbé mi so ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun mọ́ gíláàsì tó fi ń wẹ̀yìn, mo ní Ṣàngó ni àbí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú mi dùn kọjá sísọ.

Ṣùgbọ́n kí fọ́tò má tàn yín. Àwọn tó ń dán yẹn, tí wọ́n ń dúró de àlejò ní gbàgede Parque Central ní Havana, wọn kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Èyí tó ń tú èéfín dúdú pọ̀, èyí tí ò ní bẹ́líìtì pọ̀.

Tiyín rọrùn ju tiwọn lọ fíìfíì. 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, àgbà mẹ́káníìkì tó mọ 504 látinú dóde ṣì wà, pátì ẹ̀ sì ṣì wà ní Ládípọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ kùn ún lọ́dà o, ibẹ̀ lowó ń ṣòfò sí. Kí wẹ́dà kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹ̀ àti ilẹ̀ ẹ̀, tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ tán káàkiri, ẹ jẹ́ kó lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí abẹ́ ẹ̀ bá dáa, kí wọ́n fa epo àtijọ́ dànù nínú táńkì, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíréèkì àti hóòsì, ẹ́ńjìnnì ló máa kẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó náwó kankan ṣá, ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n yín jókòó lórí pépà ẹ̀, ta ni yóò máa jẹ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́yìn bàbá, torí tó bá ti sítáátì báyìí gbogbo èèyàn ló máa ní tòun ni.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi fẹ́ lọ kàwé dókítà ní Cuba. Báwo ló ṣe máa máa rìn káàkiri?
— Ìyá Ìbejì, Sábó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbejì. Kó máa wo nọ́ńbà mọ́tò, P ni ti aládàáni, B ni ti ìjọba, T ni èyí tí àlejò rẹ́ǹtì. Níbi tí wọ́n ti ń jáde nílùú, òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ yẹ́lò máa ń dá mọ́tò ìjọba dúró, á bi í ibi tó ń lọ, á sì kó àwọn tó ń dúró sínú ẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yẹn gan-an, ó ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ìyá tí òjò ń pa ní Agric tí mọ́tò ìjọba ń kọjá, dírẹ́bà nìkan nínú ẹ̀. Epo ni wàhálà ibẹ̀ báyìí, ní March 2024 lítà kan kúrò ní péésò 25 di 132, ìlà epo sì gùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀kadà oníbátìrì fi kún ìgboro. Kí àbúrò yín gba ilé tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé.