Mo pààrọ̀ bíárìn fáìlìn mi, kò pé oṣù kan tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí ní Ìkéré-Èkìtì, mo sì máa ń bá àwọn bíríkìlà gé òkúta nígbà tí iṣẹ́ irin bá dákẹ́. Fáìlìn ńlá, ẹ̀rọ oníná tí a fi ń gé irin àti òkúta, oní-ínṣì-mẹ́sàn-án, ni mò ń lò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òkúta rẹ̀, ìyẹn pẹlẹbẹ roboto tó ń gé nǹkan tí mo dè mọ́ ọn lẹ́nu, náà sì ń mì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún irú ẹ̀ ṣe. Ó tú orí rẹ̀ níṣojú mi, ó sì fi òòlù gbá bíárìn tuntun wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹkún ti tún dé. Ṣé bíárìn ayédèrú ni mo rà ni? Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe lè tú ṣáfùtù, ọ̀pá irin tó ń yí òkúta náà, kí n sì tò ó padà fúnra mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ọ̀gá wẹ́dà. Ó lè jẹ́ ayédèrú, ó kúkú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ní ó fi òòlù gbá a wọlé ni mo ti dúró. Ibo lára bíárìn ni òòlù yẹn ń bà? Ibẹ̀ ni mo rò pé ikú rẹ̀ ti wá.

Òrùka méjì ni bíárìn ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, àwọn bọ́ọ̀lù irin sì wà láàárín wọn. Òrùka inú ló máa ń fún mọ́ ṣáfùtù. Tí a bá wá ń ti bíárìn wọ ṣáfùtù, àmọ́ tó jẹ́ òrùka ìta ni a ń gbá, àárín àwọn bọ́ọ̀lù yẹn ni agbára òòlù gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé inú. Bọ́ọ̀lù á tẹ ojú ọ̀nà tó ń yí lé lórí, á fi ojú ihò sílẹ̀ níbẹ̀ bí ìka ṣe ń ṣe lára iyán. Ojú wa lásán kì í rí i. Ẹ fi ọwọ́ yí bíárìn náà, ẹ ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fáìlìn ínṣì mẹ́sàn-án lè yí tó ìgbà 6,600 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kọjá lórí ihò yẹn ló ń gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lò yẹn, ó gbìyànjú.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ mọ̀ pé ẹkún ọ̀tọ̀, mímì ọ̀tọ̀. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ yọ òkúta ẹnu rẹ̀ kúrò, kí ẹ yọ àwo irin tó máa ń jókòó lé. Ẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi tó ń jókòó sí dáadáa. Hóró eruku kan tó bá há síbẹ̀ tó láti mú kí òkúta máa mì. Ẹ dá àwo náà padà, ẹ di ìṣó kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó kù bí irun kó kàn án, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí ṣáfùtù. Tí àwo bá ń sún mọ́ ìṣó, tó tún ń jìnnà sí i, tí kò sì sí ìdọ̀tí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ṣáfùtù ti tẹ̀. Ẹ má gbé e lé irin kí ẹ máa nà án tọ́ o. Ẹ ra òmíràn.

Ó yá, ká tú u. Ẹ tún wò ó pé ó ti kúrò lára iná pátápátá. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó, ẹ sáà mọ bí iná ṣe máa ń dé lójijì lọ́dọ̀ wa. Ẹ fẹ́ gbogbo eruku ara rẹ̀ dànù níta, torí eruku òkúta tí ẹ ń gé ní Ìkéré yẹn ń ha irin, kò sì gbọ́dọ̀ bá yín wọnú orí ẹ̀rọ. Sukúrù mẹ́rin ló sábà máa ń di ìdérí alumíníọ́mù tó gbé bíárìn mú. Tí ẹ bá ti tú wọn tí ìdérí kò gbéra, ẹ fi òòlù igi tàbí ti rọ́bà kàn án yíká, díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ki sukudiráfà bọ àárín láti fi yọ ọ́, ó ti dá ojú ọgbẹ́ sára alumíníọ́mù nìyẹn, ibẹ̀ ni gíríìsì yóò máa gbà jáde lójoojúmọ́.

Ìdérí, bíárìn, ṣáfùtù àti jíà ńlá ló máa jọ jáde. Ẹ ya fọ́tò wọn. Ohun tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya òun náà. Ẹ tò wọ́n sórí aṣọ mímọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde, kí ẹ sì ṣọ́ àwọn wọ́ṣà tín-ín-rín gidigidi. Àwọn ló ń pinnu bí jíà ńlá ṣe ń sún mọ́ jíà kékeré tó. Ẹ da ọ̀kan nù, orí ẹ̀rọ kò ní dákẹ́ mọ́.

Sákílípù, òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ là, ló máa ń di jíà ńlá mú nígbà míì, nígbà míì nọ́ọ̀tì ni, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fún mọ́ ṣáfùtù bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹ wo ojú okùn rẹ̀, ìlà wíwẹ́ tó yí inú rẹ̀ ká, kí ẹ tó fi agbára sí i, òdì ni àwọn kan ń tú. Irin kékeré kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá tún lè wà láàárín jíà àti ṣáfùtù. Ó máa ń ta dànù, ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ dè é. Láti yọ jíà, ẹ fi irin pẹlẹbẹ méjì gbé e dúró lábẹ́, kí ẹ wá tẹ ṣáfùtù sísàlẹ̀. Títẹ̀ ni mo wí, mi ò sọ gbígbá. Wẹ́dà sì ni yín, ẹ kò nílò láti máa tọrọ ẹ̀rọ ìtẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì: ẹ jó férémù onígun mẹ́rin kan pọ̀ látinú irin tó nípọn, kí ẹ gbé jáàkì mọ́tò sínú rẹ̀, ó parí. Èmi náà ṣì ń lo tèmi báyìí.

Nọ́ńbà ara bíárìn ni kí ẹ gbé lọ sọ́jà, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ 6203, ihò inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 17, fífẹ̀ rẹ̀ 40, nínípọn rẹ̀ 12. Ti 6202 jẹ́ 15, 35 àti 11. Lẹ́yìn nọ́ńbà, ZZ túmọ̀ sí pé irin fẹ́lẹ́ ló bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 2RS sì jẹ́ onírọ́bà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé òkúta, onírọ́bà ni kí ẹ bèèrè.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Inú ìdérí, òrùka ìta ló fún, òun ni kí ẹ tì. Ara ṣáfùtù, òrùka inú ló fún, òun ni kí ẹ tì, pẹ̀lú ègé páìpù kan tí ẹnu rẹ̀ kàn án nìkan. Tó bá pọn dandan kí ẹ tì í wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó dúró lórí òrùka méjèèjì sáàárín. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ jẹ́ kí ooru bá yín ṣe é. Alumíníọ́mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ tó bá gbóná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ẹ di bíárìn sínú ọ̀rá kí ẹ gbé e sí fíríìsà di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé ìdérí lé ojú áyọ́ọ̀nù gbígbóná títí omi tí ẹ bá ta sí i yóò fi máa hó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ gbé bíárìn sí ojú ihò rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ló máa já wọlé fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé gáàsì wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ọwọ́ á sì máa yún yín. Ẹ má fi jó o. Ooru tó bá kọjá 120 lórí ìwọ̀n Celsius ń ba irin bíárìn jẹ́, iná gáàsì sì ti ré ìyẹn kọjá kí ẹ tó mọ̀.

Gíríìsì ńkọ́? Ẹ nu ògbólógbòó kúrò pátá. Tí ẹ bá rí ohun tó ń dán wínníwínní nínú rẹ̀, eyín jíà ló ń jẹ, jíà méjèèjì ni kí ẹ sì pààrọ̀ pọ̀, torí tuntun kì í bá ògbó ṣe. Gíríìsì líthíọ́ọ̀mù ló dára. Ẹ pa á sára eyín jíà dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó má ju ìlàjì àyè tó wà nínú orí ẹ̀rọ lọ. Bí ó bá kún àkúnjù, ó ń gbóná, á sì wá ọ̀nà lọ bá kábọ́ọ̀nù, ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ àmáṣọ̀, nínú mọ́tò. Mo ti bá òrí rí nínú orí fáìlìn kan, òrí tí à ń fi pa ọmọ lára! Ó ti yọ́ tán, ó ti ṣàn lọ síbi tí iná wà.

Kí ẹ tó dá ìdérí padà, ẹ fi ìka yí jíà kékeré tó kù nínú ẹ̀rọ. Ara àmáṣọ̀, apá tó ń yí nínú mọ́tò, ló wà, àmáṣọ̀ sì ní bíárìn méjì tirẹ̀. Tó bá ń kùn tàbí tó ń há, kì í ṣe ṣáfùtù nìkan ló ń sunkún. Tó bá ń yọ̀ wọ̀ọ̀, ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ máa fún sukúrù ní ìdojúkọra, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Fífi ọwọ́ yí ṣáfùtù gbọ́dọ̀ rọrùn, kí ẹ sì gbọ́ "kẹ́" fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín jíà méjèèjì tí ẹ bá mì ín síwá sẹ́yìn. Tó bá le gbagidi, wọ́ṣà kan ti wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ padà sídìí fọ́tò.

Ẹ tan án láìsí òkúta fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí orí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú; kí ó jó yín lọ́wọ́ ni kò dáa. Lẹ́yìn náà, ẹ dá gáàdì padà, ẹ fi òkúta tuntun tí nọ́ńbà eré rẹ̀ kò kéré sí ti ẹ̀rọ sí i, kí ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò ti sí ọmọ iṣẹ́ kankan, kí ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gbé e kan irin.